Owó P.T.A. ti wà nílẹ̀, kí la máa rà fún àwọn ọmọ páráìmárì wa ní Ìjẹ̀dẹ́?

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀dẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló gbé mi wá. Ilé-ìwé páráìmárì ìjọba tí àwọn ọmọ mi ń lọ lápá Ìjẹ̀dẹ́ níbí, àwa òbí àti àwọn tó ti jáde níbẹ̀ tipẹ́ ti dáwó jọ pé ká fi ra nǹkan ìgbàlódé tí wọ́n á fi máa kọ́ àwọn ọmọ, kí tiwa náà má gbẹ̀yìn. Owó ọ̀hún kì í ṣe kékeré lójú wa, ẹlẹ́ja wà nínú àwọn tó dá a, ọlọ́kadà wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kó ṣòfò rárá. Àwọn kan ní ká ra táblẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ọmọ Páráìmárì 4, àwọn kan ní prójẹ́kítọ̀, àwọn tó ń gbé Lekki ní smart board, bọ́ọ̀dù ńlá tó ń lo iná bíi tẹlifíṣọ̀n, ló gbayì. Iná ilé-ìwé ò ṣe é gbójú lé. Ẹ̀gbìn tí wọ́n ti ń ṣe iná ò jìnnà sí wa, ẹ̀rọ tó lè gbé megawatt 1,320 ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà tó ń pín iná káàkiri orílẹ̀-èdè ni iná yẹn ń bá lọ, kì í yà sọ́dọ̀ wa. Nẹ́tíwọ̀kì náà, àfi kéèyàn jáde síta gbangba. Kíláàsì kan sì lè gba ọmọ 60. Ìpàdé wa ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rí nǹkan yìí níbi tó ti ṣiṣẹ́, kí ló ṣiṣẹ́, kí ni kò ṣiṣẹ́?

Tíṣà Odògúnyàn
Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Tíṣà ìjọba ni mí, Páráìmárì 2 ni mò ń kọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, H.M., ohun tó ti wà nílẹ̀, torí láti 2020 tí ìjọba Èkó ti gbé ètò ìkọ́ni EKOEXCEL dé ni wọ́n ti ń fún àwa tíṣà ní táblẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀, ohun tí a máa kọ́ lónìí, ìbéèrè tí a máa bi ọmọ, bí a ṣe máa pín àsìkò, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ti tíṣà nìyẹn. Ti ọmọ ni kò sí, ibẹ̀ ni kí owó yín lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má rà á fún kíláàsì kan ṣoṣo kí àwọn tó kù wá máa wò wọ́n. Ẹ ra bíi 20, ẹ kó o sínú àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́, kó máa lọ láti kíláàsì dé kíláàsì. Ọmọ 60, táblẹ́ẹ̀tì 20, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n máa jókòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mẹ́ta-mẹ́ta yẹn ṣe máa ń rí tí tíṣà ò bá là á kalẹ̀: èyí tó lágbára jù á gbé e mọ́ àyà, ẹnì kejì á máa yọjú wò ó láti èjìká ẹ̀, ẹnì kẹta á ti máa fi bírò gbẹ́ tábìlì. Torí ẹ̀ ni mo fi máa ń pín iṣẹ́ fún wọn. Ẹnì kan á di táblẹ́ẹ̀tì mú, ẹnì kan á máa kà á sókè, ẹnì kan á máa kọ ìdáhùn sínú ìwé, tí mo bá ti kan bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì wọ́n á pààrọ̀ iṣẹ́.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kì í la ẹnu rárá tí mo bá ní kó kàwé lójú gbogbo ayé. Ìgbà tí ẹgbẹ́ kan yá wa ní táblẹ́ẹ̀tì mélòó kan, òun àti ẹni méjì péré ló jókòó sí igun, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, b-à bà, t-à tà, bàtà, ó tẹ ibi tí ẹ̀rọ ti máa pè é, ó gbé e sétí, òun náà pè é, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pè é, títí tí ohùn ẹ̀ fi ga ju ti ẹ̀rọ lọ. Kò sú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò jágbe mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi nìkan kí n dá èyí ṣe fún ọmọ 60 láàárín ìṣẹ́jú 40, kò ṣeé ṣe. Ibi tí mo ti rí ìwúlò ẹ̀ jù nìyẹn, kíkàwé àwọn ọmọ kékeré, Páráìmárì 1 sí 3. Táwọn yẹn bá ti mọ̀wé kà, ti Páráìmárì 4 á rọrùn.

Bọ̀dá Sólà Ṣábọ̀
Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ iná kẹ́ ẹ tó náwó sórí ohunkóhun. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe. Bátìrì táblẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń jẹ́ bíi 5,000 mAh, ìyẹn ń lọ sí nǹkan bíi watt-hour 18 sí 19, bí iná tó ń gbà sínú ṣe pọ̀ tó nìyẹn. Ẹ lù ú lọ́nà 20, ó ti di bíi 370. Ẹ ro ti iná tó ń ṣòfò nínú wáyà àti ṣájà mọ́ ọn, ẹ kà á sí 500 lójúmọ́, ìyẹn tí wọ́n bá lo gbogbo ẹ̀ débi tó kú. Pánẹ́ẹ̀lì 200 watt kan ṣoṣo tó bá rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin á gbé e. Òjò ló máa ń dà á rú, láti Júùnù sí Júláì ojú ọ̀run wa níbí kì í fi bẹ́ẹ̀ là, torí náà tí owó bá ká a ẹ ṣe é ní pánẹ́ẹ̀lì méjì.

Ohun tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà fún yín ni ínfátà ràgàjì. Táblẹ́ẹ̀tì ò nílò ẹ̀. Ṣájà USB olójú púpọ̀ wà tó ń gba iná 12 volt tààrà, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ inú mọ́tò, ara bátìrì ló ti máa fà á, ẹ è ní máa sọ iná di 220 kẹ́ ẹ tún wá sọ ọ́ padà di kékeré, ibẹ̀ ni iná ti ń ṣòfò jù. Bátìrì, tí agbára bá gbé e kó jẹ́ lithium, 12 volt 100Ah rẹ̀ ń gbé tó watt-hour 1,200, ẹ sì lè lò ó kọjá ìlàjì lójoojúmọ́, bátìrì olómi tẹ́ ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i kì í pẹ́ kú.

Ti prójẹ́kítọ̀, àwọn tó ń lo gílóòbù ń jẹ tó watt 250 sí 300. Kíláàsì ìjọba ò ní kọ́tìnì, oòrùn á wọlé, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ò ní rí nǹkan kan. Tẹlifíṣọ̀n LED 32 inches ò ju bíi watt 50 lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan tí gbogbo kíláàsì á jọ wò, ìyẹn ni kẹ́ ẹ rà.

Ìyá Adé
Ẹ má bínú o, èmi ń bẹ̀rù. Fóònù ti gba ọmọ lọ́wọ́ wa nílé, ó tún máa bá wọn dé kíláàsì? Ojú wọn ńkọ́? Àwọn fídíò burúkú tó kàn ń jáde fúnra ẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó
Ìyá Adé, ẹ̀rù yín tọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ jókòó ti ojú ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tó bá tiẹ̀ kéré sí i ó dáa jù, torí náà ẹ má gbé e wọ ọ̀dọ̀ àwọn jẹ́léósinmi rárá. Fún àwọn ọmọ páráìmárì, 20 sí 30 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ti tó, kí tíṣà sì máa ní kí wọ́n gbójú sókè lóòrèkóòrè, kí wọ́n wo ibi tó jìnnà gba ojú wíńdò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà á sún mọ́ ojú. Àkókò ìṣeré wọn níta, ẹ má fi kan án, oòrùn àti títẹjú wo ọ̀nà jíjìn ń dáàbò bo ojú ọmọ kó má di ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán. Íyápíìsì, kẹ́ ẹ má rà á. Àkọ́kọ́, wọ́n á máa ti etí kan bọ etí kejì, àwọn tí etí wọn ń ṣọyún á máa kó o ran àwọn yòókù. Èkejì, wọ́n á máa yí ohùn sókè jù. Kí wọ́n máa lo ohùn ẹ̀rọ gan-an, ní rírẹlẹ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Agric
Ìyá Adé, ti fídíò burúkú, ìdáhùn ẹ̀ ni pé kí íntánẹ́ẹ̀tì má sí lórí ẹ̀ rárá. Kì í ṣe pé owó dátà nìkan la máa dá dúró, ààbò ni fún ọmọ. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ Kolibri, àjọ kan tó ń jẹ́ Learning Equality ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa gbé e sórí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, ẹ máa so láptọ́ọ̀pù yẹn mọ́ ráútà kékeré tí kò ní síìmù nínú, gbogbo táblẹ́ẹ̀tì á máa gba ẹ̀kọ́ látinú láptọ́ọ̀pù yẹn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ ìṣirò Khan Academy wà níbẹ̀, àwọn ìwé ìtàn African Storybook wà níbẹ̀, African Storybook yẹn láti 2014 ni wọ́n ti ń kó ìtàn jọ ní èdè ilẹ̀ Áfíríkà, ti Yorùbá wà nínú ẹ̀. Tíṣà lè ṣí orúkọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó máa wo ibi tí wọ́n bá a dé.

Kó má di pé ẹ jókòó sí Ìjẹ̀dẹ́ kẹ́ ẹ máa dúró de nẹ́tíwọ̀kì o. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù wá síbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti lágbára, ẹ fà á sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ gbé e padà. Ẹ má sì fa gbogbo ẹ̀, ó pọ̀ gan-an, ẹ yan ti kíláàsì tẹ́ ẹ fẹ́ nìkan. Ẹ má fi hotspot fóònù rọ́pò ráútà, ọ̀pọ̀ fóònù ò lè gba ẹ̀rọ 20 lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ti fún ogún táblẹ́ẹ̀tì ní fídíò lákòókò kan náà ó máa há, ìbéèrè àti ìwé kíkà ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́, fídíò kẹ́ ẹ fi sórí tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo wọn jọ wò ó.

Ohun kan tó kù: nínú sẹ́tìn Android, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní app pinning. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, àápù kan náà ló máa dúró lójú ẹ̀rọ, ọmọ ò lè jáde lọ síbi géèmù láìní nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi tì í. Ẹ kọ́ tíṣà kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n Lekki
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi wà lára àwọn tó ní smart board. Ilé-ìwé yẹn ló sọ mí dènìyàn, mi ò fẹ́ kí wọ́n wò ó pé ti tálákà ni. Tí àlejò bá wọlé tó rí smart board, á mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Táblẹ́ẹ̀tì kéékèèké yẹn, olè á kó o lọ ni.

Bàbá Olùkọ́
Ọmọ mi, Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ rẹ, ẹni tó bá rántí ilé-ìwé tó ti jáde, ó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo sì ti rí oríṣiríṣi nǹkan tó wọ kíláàsì tó tún jáde. Àwọn ará Peru pín láptọ́ọ̀pù fún ọmọ ilé-ìwé abúlé lọ súà nínú ètò tí wọ́n ń pè ní One Laptop per Child. Ìgbà tí wọ́n wá ṣe ìwádìí ilé-ìwé 319, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2012, àwọn ọmọ mọ láptọ́ọ̀pù lò o, ṣùgbọ́n ìṣirò àti ìwé kíkà wọn ò fi ibì kankan sàn ju ti àwọn tí kò gbà á. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ tíṣà ohun tó máa fi ṣe. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Smart board á lẹ̀ mọ́ kíláàsì kan ṣoṣo, ọjọ́ tó bá kọṣẹ́ kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe ní Ìjẹ̀dẹ́, tíṣà ò ní lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ bíi bọ́ọ̀dù wa.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó tíì fara balẹ̀ sọ, ìyẹn ni èdè. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà nílé Ifẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ páráìmárì ní gbogbo iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Ẹ wá wo Tanzania. Ìdíje Global Learning XPRIZE, ti àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ orí táblẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kéde èsì ẹ̀ ní 2019, nǹkan bí ọmọ 3,000 ní abúlé bíi 170 ni wọ́n fún ní táblẹ́ẹ̀tì fún oṣù 15, ibùdó sólà wà tí wọ́n ti ń ṣáàjì ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì tíì mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kà. Wọ́n kọ́ ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n Swahili tí wọ́n ń gbọ́ lágbègbè wọn ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá kó Gẹ̀ẹ́sì ará Amẹ́ríkà sínú ẹ̀ fún ọmọ Páráìmárì 1 ní Ìjẹ̀dẹ́, ẹ̀rọ á máa sọ̀rọ̀, ọmọ á máa wò ó. Mo mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ páráìmárì, mo sì mọ̀ pé wọ́n tún yí i padà ní 2025. Ìyẹn ò ní kí tíṣà má fi Yorùbá là á yé ọmọ. Ẹ fi ìwé ìtàn Yorùbá ṣíwájú, kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e.

Tíṣà Èjìnrìn
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo ń kọ̀wé láti apá Ẹ̀pẹ́. Owó wa ò tó táblẹ́ẹ̀tì rárá, súpíkà Bluetooth kan àti mẹ́mọ́rì káàdì la rà. A lọ bá àwọn ìyá àgbà nílé, a ní kí wọ́n pa àlọ́, a fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ inú àlọ́ yẹn gàdàgbà-gàdàgbà sórí káádíbọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ á máa gbọ́ ọ, wọ́n á máa fi igi tọ ọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà ṣe ń pè é. Tó bá dé orin, gbogbo kíláàsì á gbè é. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa dá súpíkà dúró, mo máa ní kí ẹnì kan ka ìlà tó kàn. Ọmọ tí ìyá àgbà tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ tiẹ̀, ẹ è rí bí orí ẹ̀ ṣe ń wú.

Ẹ má sì fojú kéré fóònù tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ àwọn òbí. Ní Botswana lọ́dún 2020 tí kòrónà ti ilé-ìwé pa, wọ́n dán an wò fún ìdílé tó tó 4,500: àwọn kan gba àtẹ̀jíṣẹ́ ìṣirò nìkan, àwọn kan gba àtẹ̀jíṣẹ́, wọ́n tún ń pè wọ́n lórí fóònù fún bíi 20 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè yẹn ni ìṣirò wọn lọ sókè gan-an. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba sólà. Èmi máa ń pe òbí àwọn ọmọ tó rẹ̀yìn jù lálẹ́ Wẹ́sìdé, màá ní kí wọ́n gbé e fún ọmọ, a máa ṣe ìṣirò mẹ́ta, ó parí.

Ará Àgbádárìgì
Ẹ bá mi fi Ègùn kún un o. Lọ́dọ̀ wa níbí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa pọ̀ ní Páráìmárì 1, tẹ́ ẹ bá gba ohùn sílẹ̀ ẹ béèrè èdè ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan lákọ̀ọ́kọ́. Mo rò pé Ìjẹ̀dẹ́ náà á ní, ẹlẹ́ja Ègùn wà létí ọ̀sà yín.

Tíṣà Odògúnyàn
Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n dá Ẹ̀gbọ́n Lekki lóhùn lórí olè, torí ó bá mi lọ́kàn. Àwọn olè ò ní wá tí wọn ò bá gbọ́. Ẹ má gbé ayẹyẹ ńlá kalẹ̀ pé ẹ fẹ́ fa táblẹ́ẹ̀tì lé ilé-ìwé lọ́wọ́, ẹ má pe oníròyìn. Ẹ fi ọ̀dà kọ orúkọ ilé-ìwé sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan gàdàgbà, kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ H.M., ọ̀kan lọ́wọ́ tíṣà tó ń bójú tó o, ìwé kan tí ẹni tó bá gbà á á fọwọ́ sí, tó bá dá a padà á tún fọwọ́ sí i. Nígbà ìsinmi gígùn kẹ́ ẹ kó o kúrò nílé-ìwé pátápátá lọ síbi tó láàbò, ààfin tàbí ilé alága P.T.A., kí ìwé wà lórí ẹ̀.

Kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ irú kan náà, ṣájà kan náà, kí ojú tó bá fọ́ lára ọ̀kan lè rí ti èyí tó ti kú gbà. Ẹ ra àpò onírọ́bà tó nípọn fún un, àwọn ọmọ á jẹ́ kó bọ́, kò sí bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kó bọ́. Ẹ má ná gbogbo owó tán lọ́jọ́ kan, ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ pa mọ́ fún àtúnṣe.

Ẹ bá àwọn tíṣà jókòó kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn kó o wá bá wọn. Tíṣà tó bá ti ń bẹ̀rù pé òun máa ba nǹkan olówó iyebíye jẹ́, inú àpótí ló máa fi í sí títí ayé. Ẹ fún wọn láàyè kí wọ́n kó o délé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n fọwọ́ kàn án dáadáa.

Ìyá Adé
Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Àwa òbí lè wá wò ó ní kíláàsì?

Tíṣà Odògúnyàn
Ẹ wá, mà. Ẹ jókòó ti ọmọ yín. Tí òbí bá wà níbẹ̀ àwọn ọmọ máa ń kà á sókè dáadáa ni.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀dẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún H.M. lórí fóònù, ó ní òun fara mọ́ bíbẹ̀rẹ̀ láti Páráìmárì 1 sí 3, òun á sì pe àwọn tíṣà jọ lọ́la. Ẹ̀gbọ́n Lekki pè mí níkọ̀kọ̀, wọ́n ní àwọn á gbé owó láptọ́ọ̀pù. Ìyá mi ti ń ronú àlọ́ tó máa pa. Bọ̀dá Sólà, òrùlé wa páànù ni, ibo la máa gbé pánẹ́ẹ̀lì sí?

Bọ̀dá Sólà Ṣábọ̀
Kó kọjú sí apá ọ̀sà, mà, gúúsù nìyẹn, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku ara ẹ̀, tó bá di ọyẹ́ kí ẹnì kan máa nù ún. Orí ọ́fíìsì H.M. ló dáa jù tí igi ò bá bò ó, torí ibẹ̀ lẹ máa fi bátìrì sí, wáyà ò ní gùn. Ẹ ya fọ́tò òrùlé yẹn ní àárọ̀ àti ní bí aago méjì ọ̀sán kí n lè rí ibi tí òjìji ń dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mò ń bọ̀ ní Fraidé. Ẹ bá mi wá káfíńtà kan dúró, mo fẹ́ wo igi tó gbé páànù yẹn dúró, bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́.